Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Lésà tó ń ta yinrinyinrin, àti ìbejì tó ń padà sílé

Gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mo gbọ́dọ̀ san kí n tó fọwọ́ kan lẹ́tà mìíràn. Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, ẹnì kan bi mí ní ohun tó ń mú wáyà bàbà gbóná bí iná bá ń gbà á kọjá. Mo fèsì pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó ń gbé iná, ń sáré nínú wáyà bí ọlọ́kadà, pé àwọn átọ́ọ̀mù bàbà sì ni kòtò tó ń já sí. Bí mo ṣe kọ́ ọ níwájú pátákó nìyẹn fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ kíláàsì kan ò sì bá mi jiyàn rí. Lẹ́tà yìí ló wá dé.

Ìbéèrè: Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa wáyà. Ẹ ní átọ́ọ̀mù ló ń dí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́nà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wáyà bàbà kan náà fi ń gbé iná dáadáa sí i bí wọ́n bá kì í bọ inú òtútù líle? Ṣé àwọn átọ́ọ̀mù náà sá jáde ni? (Oníṣẹ́ wáyà, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Wọn ò sá lọ síbì kankan, ọ̀gá mi. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ sì ti fi ìbéèrè kan ṣoṣo gbé mi ṣubú.

Ohun tí mi ò sọ ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn nínú irin kì í ṣe òkò. Ìgbì ni. Ìgbì tó bá sì ń gba àárín ohun tí wọ́n tò létòlétò kọjá kì í fẹsẹ̀ kọ. Felix Bloch ló ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Jámánì ní 1928: bí átọ́ọ̀mù bá tò bí àgbàdo tí wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín, tí àlàfo gbogbo wọn dọ́gba, ìgbì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba àárín wọn já láìsí ìdíwọ́. Wúruwùru ló ń dí i. Ìdọ̀tí tó wọnú bàbà wà lára rẹ̀, àti ibi tí átọ́ọ̀mù kan ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀, àti bí ooru ṣe ń mú gbogbo wọn gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Nínú wáyà bàbà ilé yín lónìí, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rin nǹkan bíi 40 nánómítà (ẹ pín mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà) kí nǹkan kan tó yà á lọ́nà. Ó ti kọjá lára átọ́ọ̀mù tó ju 100 lọ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá wá kó bàbà tó mọ́ dáadáa sínú híílíọ́ọ̀mù olómi, ní nǹkan bíi dígírì 269 sísàlẹ̀ òdo, ooru ò lágbára àtimì wọ́n mọ́, iná sì lè gbà á kọjá ju ìlọ́po 100 lọ. Átọ́ọ̀mù kan ò dín níbẹ̀.

Ẹ ó ní ta ló wá rí i pé ìgbì ni. Ìtàn yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ìtàn físíìsì lọ, nítorí pé ìjàǹbá ló bí i. Ní New York, ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell, Clinton Davisson àti Lester Germer ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu nìkẹ́ẹ̀lì nínú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kan ní 1925, ìgò afẹ́fẹ́ olómi kan bú gbàù, ìgò iṣẹ́ wọn fọ́, afẹ́fẹ́ kọ lu nìkẹ́ẹ̀lì gbígbóná, ó dípẹtà. Wọ́n yan nìkẹ́ẹ̀lì náà nínú iná pẹ́ títí kí ìpẹtà lè lọ. Ìgbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, àwòrán ti yí: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ta padà ṣùùṣùù sí apá ibì kan, apá ibòmíràn sì dá. Iná ló so àwọn kírísítà kéékèèké inú nìkẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀ di ńláńlá, átọ́ọ̀mù wọn wá tò gbọọrọ, ìgbì sì ráyè fi ara rẹ̀ hàn. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1927. Lọ́dún kan náà George Thomson rí irú rẹ̀ ní Aberdeen ní Scotland, òun àti Davisson sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Bàbá George yìí, J. J. Thomson, ti gba tirẹ̀ ní 1906 lórí iṣẹ́ tó fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù hàn bí ẹyọ òkò kékeré. Bàbá ní òkò ni, ọmọ ní ìgbì ni, àwọn méjèèjì ò sì parọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí mo kọ́, tí ẹ ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ: ẹ fi bírò pa ọlọ́kadà rẹ́ nínú ìwé yín.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ra tọ́ọ̀ṣì lésà kékeré, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Bó bá tàn án sára ògiri, ojú ibẹ̀ ń ta yinrinyinrin bí iyanrìn tó ń hó. Tọ́ọ̀ṣì lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ojú mi ni, mo ti ń múra àtilọ rí dókítà. (Ìyá Olóńjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ fowó dókítà yẹn ra ẹja. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni wọ́n mú iná lọ ládùúgbò wa, mo bá kúkú lo òkùnkùn náà. Mo gba irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi, mo gbé e lé orí àpótí kó má baà mì, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri pálọ̀ tá a fi péǹtì funfun kùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí o: ẹyọ pupa àti ẹyọ dúdú wínníwínní, bí ẹni wọ́n ata gígún sórí aṣọ dúdú.

Ògiri tí ọwọ́ yín mọ̀ sí dídán, òkè àti àfonífojì ni lójú ìmọ́lẹ̀. Láti orí ìgbì kan sí orí ìgbì tó tẹ̀ lé e nínú iná pupa yẹn, nǹkan bíi 650 nánómítà ni. Ẹ mú mìlímítà kan lójú rúlà, ẹ pín in sọ́nà 1,000: ìgbì kan kò tó ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára gègèlè kan àti èyí tó ta padà lára kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wá rin ìrìn kan náà kí wọ́n tó dé ojú yín. Níbi tí orí ìgbì bá ti bá orí ìgbì pàdé, ẹ ó rí pupa. Níbi tí orí ìgbì bá ti bọ́ sí kòtò ìgbì kejì, wọ́n á pa ara wọn rẹ́: ìmọ́lẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀, ó di òkùnkùn. Ìgbì tọ́ọ̀ṣì lásán náà ń pàdé bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ìgbì kọ̀ọ̀kan sì ń gbéra nígbà tó bá wù ú, bí èrò ọjà tí olúkúlùkù ń ké ti ẹnu rẹ̀. Àwòrán wọn ń gorí ara wọn kíákíá débi pé ọgbọọgba nìkan lojú ń rí. Ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California, kò sì pẹ́ rárá tí àwọn tó ń lò ó fi ń ráhùn nípa yinrinyinrin yìí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ráhùn.

Ẹ dán ohun mẹ́ta wò. Ẹ ká ìka ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fun fèrè, ẹ gba ihò tóóró tó bá kù wo ojú iná náà lára ògiri: ẹyọ ata yẹn á tóbi sí i. Ẹ mi orí yín díẹ̀ sọ́tùn-ún: ẹyọ ata á sún. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń lo awò nítorí pé ẹ ò rí ọ̀ọ́kán, ẹ bọ́ awò náà kí ẹ tún mi orí. Wọ́n á sá lọ sí òdìkejì ibi tí orí yín ń lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ìtòsí ni kì í rí, tirẹ̀ á bá orí rẹ̀ lọ. Bí ẹyọ wọ̀nyẹn bá wà lára ògiri lóòótọ́, kí ló kan orí yín? Inú ojú yín gan-an ni ìgbì ti pàdé.

Ẹ̀kẹrin wà fún ẹni tó bá ní wàrà olómi nílé. Ẹ kọ lésà sí inú ife wàrà. Ti ògiri máa ń dúró bí ohunkóhun ò bá mì, torí ògiri kan náà á fún yín ní àwòrán kan náà lónìí àti lọ́la. Ti wàrà ń hó ṣìṣì ni, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ kò dákẹ́. Àwọn dókítà ń lo ọgbọ́n yìí láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lábẹ́ awọ ara: ibi tó bá ti ń hó jù ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré jù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ sí ojú ènìyàn tàbí sí dígí o. Mi ò ṣeré níbẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè: Ìwé ìròyìn ni mo fi ń wé àkàrà fún oníbàárà. Ibi tí òróró bá ti kàn, mo lè ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé òróró ń jẹ ìwé ni? (Alákàrà, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Kò jẹ ẹ́, ihò ló ń dí. Fọ́nrán igi tí ìwé fi ṣe, bí ẹ bá mú ẹyọ kan, ó mọ́ gaara. Afẹ́fẹ́ àárín wọn náà mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ fọ́nrán, tó ń bọ́ sí afẹ́fẹ́, tó tún ń wọ fọ́nrán, ló ń yà kiri nígbà àìmọye títí èyí tó pọ̀ jù fi padà síbi tó ti wá. Ohun tí à ń pè ní funfun nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ń falẹ̀ nínú fọ́nrán ní nǹkan bí ìlọ́po 1.5 ju inú afẹ́fẹ́ lọ. Nínú òróró, nǹkan bíi 1.47. Bí òróró bá rọ́pò afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó kúrò nínú òróró wọ fọ́nrán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé òun ti ṣílé. Ó lọ tààrà, ẹ̀yin sì ń ka ìròyìn ẹ̀yìn ìwé. Sítáàṣì tí ẹ fi ń lẹ aṣọ náà nìyẹn: nínú omi tútù ó funfun bí ẹfun, ẹ da omi híhó lé e, ó wú, ó mu omi yó, ó di gbúgbúrú tí ẹ lè rí ìka yín nínú rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni péǹtì. Ìyẹ̀fun táítáníọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ń fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bí ìlọ́po 2.7, ìdí nìyẹn tí kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì fi lè bo ògiri tí ọmọ ti fi èédú kọ ìwé sí.

Ẹ ó rò pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti wọnú irú péǹtì bẹ́ẹ̀ ti ya wèrè, kò lè mọ̀nà mọ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi ka iṣẹ́ Ivo Vellekoop àti Allard Mosk, ní Yunifásítì Twente ní Netherlands, ní 2007. Wọ́n pín ojú ìtànṣán lésà kan sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ kí ó tó kan péǹtì funfun, wọ́n sì ń fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí orí ìgbì gbogbo wọn fi pàdé lójú kan ṣoṣo lẹ́yìn péǹtì. Ojú kan yẹn mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 1,000 ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a rò pé ó ti sọnù ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àwa ni a kò mọ bá a ṣe lè bi í.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, mà. Olùkọ́ wa ní kíláàsì dárúkọ Anderson, ó ní ìgbì lè há sínú rúdurùdu. Ó kọ ìṣirò kún pátákó, ó sì jáde lọ. Ohun tí kò yé mi ni pé, bí ọ̀nà bá rí wúruwùru, ṣé kì í ṣe pé ìgbì kan á ran ìkejì lọ́wọ́ níhìn-ín, òmíràn á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún, tí gbogbo rẹ̀ á wá já sí ọgbọọgba? Kí ló wá kù tó lè há? (Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, ọdún kẹta)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ibi tó ti dun àwọn àgbà gan-an lo fọwọ́ tẹ̀. Òótọ́ lo sọ nípa ìgbì méjì tó jẹ́ àjèjì síra wọn. Àmọ́ irú méjì kan wà nínú wúruwùru tí kì í ṣe àjèjì.

Ká ní Táyé àti Kẹ́hìndé jáde nílé wọn ní Bódìjà ní aago mẹ́fà àárọ̀. Táyé gba Mọ́kọ́lá, ó já sí Dùgbẹ̀, ó gba Ọjà'ba, ó fi Agodi bọ̀ wálé. Kẹ́hìndé gba Agodi lọ, ó gba Ọjà'ba, ó gba Dùgbẹ̀, ó fi Mọ́kọ́lá bọ̀ wálé. Kòtò tí Táyé bá ni Kẹ́hìndé bá. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó dá ọ̀kan dúró ló dá ìkejì dúró. Ìgbésẹ̀ wọn ò fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n á sì fi wọlé. Wá jẹ́ kí gómìnà wó gbogbo títì Ìbàdàn kó tún un là lọ́nà mìíràn. Ìṣirò àwọn àjèjì á dàrú pátápátá. Ti Táyé àti Kẹ́hìndé ò ní dàrú, nítorí ọ̀nà yòówù kí ọ̀kan gbà, ìkejì lè gba òun kan náà padà sẹ́yìn. Ohun tí ọgbọọgba ò lè pa rẹ́ nìyẹn.

Ìgbì tó wọnú wúruwùru ń gba gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọ̀nà tó bá sì yípo padà sílé ló ní ìbejì. Bí gíga ìgbì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 1, ìbejì tó bá orí ara wọn mu á di 2. Agbára ìgbì sì ń tẹ̀ lé gíga rẹ̀ lọ́nà gíga rẹ̀: 2 lọ́nà 2, ìyẹn 4. Àjèjì méjì ì bá jẹ́ 1 àti 1, ìyẹn 2 péré. Nítorí náà ilé tí ìgbì ti gbéra ń gba ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó gbà.

Wọ́n ti fojú rí i. Yasuo Kuga àti Akira Ishimaru kọ́kọ́ rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní Seattle ní 1984. Lọ́dún kejì, Meint van Albada àti Ad Lagendijk ní Amsterdam, Pierre-Etienne Wolf àti Georg Maret ní Grenoble, kọ lésà sínú omi tí wọ́n da ìlẹ̀kẹ̀ ike wínníwínní sí, tó funfun bíi wàrà, wọ́n wá wo ìmọ́lẹ̀ tó ń padà gẹ́lẹ́ síbi tí lésà ti wá. Ṣóńṣó ìmọ́lẹ̀ kan yọ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju àyíká rẹ̀ lọ, ìbú rẹ̀ kò sì tó dígírì kan. Táyé àti Kẹ́hìndé ló wọlé yẹn.

Ní ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èyí tó bá ń padà sílé kò lọ síwájú, nítorí náà ìdíwọ́ iná á ga díẹ̀. O nílò òtútù kí o tó rí i, torí pé ooru ń mi títì nígbà tí ìbejì ṣì wà lójú ọ̀nà: Dùgbẹ̀ tí Táyé kọjá ní aago méje kì í tún ṣe Dùgbẹ̀ tí Kẹ́hìndé bá ní aago mẹ́jọ. O sì lè fi òòfà tú wọn ká. Agbára òòfà tó gba àárín ìyípo wọn kọjá ń ti aago ọ̀kan síwájú, ó ń fa ti ìkejì sẹ́yìn, wọn ò ní dé pọ̀ mọ́. Ìbejì ò bára mu, èrò tó ń padà sílé dín kù, iná wá ń gba irin kọjá dáadáa sí i nítorí pé o gbé òòfà sún mọ́ ọn.

Ní 1981, Yuri Sharvin àti D. Sharvin ní Moscow ta màgnísíọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fọ́nrán kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa, ó di bí awọ páìpù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè yí po. Wọ́n dá a sínú òtútù híílíọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń fi òòfà kún un lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní gígùn fọ́nrán náà. Ìdíwọ́ iná ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Altshuler, Aronov àti Spivak ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìwọ̀n òòfà tó wà láàárín òkè kan àti òkè kejì jẹ́ h/2e: h ni nọ́ńbà Planck, iye kan nínú físíìsì tí kì í yí padà, e ni ẹrù iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Wo 2 yẹn dáadáa. Táyé kan, Kẹ́hìndé kan.

(Nínú irin tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo bíi wúrà, ìbejì náà máa ń bínú síra wọn wọlé ni, ìdíwọ́ á sì dín kù dípò kó ga. Fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Ó wá ku Anderson. Philip Anderson ń ṣiṣẹ́ ní Bell ní New Jersey. George Feher, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń wo sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ sí káàkiri láìtò ó. Wọ́n retí pé ohun tó bá ṣe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á ràn mọ́ àwọn tó yí i ká kíákíá. Kò ràn mọ́ wọn bí wọ́n ṣe rò. Ní 1958 Anderson kọ ọ́ pé bí wúruwùru bá pọ̀ tó, ìgbì kò kàn ní rọra tàn. Kò ní tàn rárá. Kó o fọkàn yàwòrán rẹ̀, ronú pé ìyípo wà nínú ìyípo: ìbejì padà sílé, wọ́n tún jáde, ìbejì mìíràn tún dá wọn padà, títí ìgbì náà fi di ará àdúgbò kan ṣoṣo. Bó o bá ti ń jìnnà sí i, ó ń dín kù bí òórùn ẹja díndín: ilé kejì ìdajì, ilé kẹta ìdajì ti ìdajì. Iná ò wọlé, iná ò jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni ògiri kan ò sí níbẹ̀.

Wọ́n fún un ní Nobel ní 1977 pẹ̀lú Nevill Mott àti John Van Vleck. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nítorí ẹ̀bùn náà, ó ní àwọn tó gbà á gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀, òun tó kọ ọ́ pàápàá sì wà lára àwọn tí kò kọ́kọ́ yé délẹ̀. Nítorí náà, bí kò bá tíì yé ọ, kì í ṣe ìwọ nìkan.

Ìdí kan tún wà tó yẹ kí olùkọ́ rẹ sọ kó tó jáde. Ní 1921 George Pólya ṣe ìṣirò ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lórí ìlà kan, tàbí káàkiri ìlú tó tẹ́jú, dandan ni kó tún dé ilé rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Bó bá lè lọ sókè kó sì bọ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú, nínú ìlú tó ní títì lójú ọ̀run, nǹkan bí ìdá 34 nínú 100 péré ló wà pé ó máa padà sílé. Ìbejì ò lè ṣe wàhálà fún ìgbì àfi bó bá ń padà sílé. Ní 1979, Abrahams, Anderson, Licciardello àti Ramakrishnan fi hàn pé nínú wáyà tóóró tàbí awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bó ti wù kí wúruwùru kéré tó, ìgbì á há níkẹyìn bí awọ náà bá fẹ̀ tó, tí òtútù sì tó. Nínú ohun tó nípọn, wúruwùru gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n kan.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ náà ti há nínú ohun tó nípọn? Ọ̀rọ̀ yẹn ti fa ìjà. Ní 1997 ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde pé ó há nínú ìyẹ̀fun gálíọ́ọ̀mù ásénáídì. Àwọn mìíràn ní ìyẹ̀fun náà kàn ń mu ìmọ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ mìíràn sọ pé ó há nínú ìyẹ̀fun péǹtì funfun. Ní 2016 àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn fúnra wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìyẹ̀fun náà ń tan iná bàìbàì tirẹ̀ lẹ́yìn tí lésà bá ti kú, òun ló tan àwọn jẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ẹ ti rí i bí ó ṣe ṣòro fún mi tó láti pa ọlọ́kadà mi rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ti ìró àti ti átọ́ọ̀mù dùn ju ìyẹn lọ. Ní 2008, wọ́n há ìró tí etí ò lè gbọ́ mọ́ inú ìlẹ̀kẹ̀ alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n jó mọ́ ara wọn. Lọ́dún kan náà, àwọn ará Palaiseau, nítòsí Paris, nínú ẹgbẹ́ Alain Aspect, mú àwọn átọ́ọ̀mù rùbídíọ́ọ̀mù tí wọ́n ti mú tutù débi pé gbogbo wọn ń rìn bí ìgbì kan, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró kan. Ìgbì átọ́ọ̀mù náà tàn díẹ̀, ó dúró. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n fi ṣe wúruwùru tó dá a dúró? Lésà tí wọ́n gba inú dígí tó rí gbágungbàgun kọjá. Yinrinyinrin kan náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ìyá Olóńjẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Ìbéèrè: Ìyá Tíṣà, ọdẹ ni mí. Òṣùpá tó bá dé ìdajì, ṣebí ìdajì iná òṣùpá àrànmọ́jú ló yẹ kó fún wa? Lóko, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èéṣe? Kí ló sì dé tí ẹran kì í fẹ́ jáde lálẹ́ àrànmọ́jú? (Ọdẹ, Ìṣẹ́yìn)

Ìdáhùn: Ojú yín mú, bàbá. Òṣùpá ìdajì kò fún wa tó ìdá kan nínú mẹ́jọ iná àrànmọ́jú. Ekuru gbígbẹ ló bo ilẹ̀ òṣùpá. Bí òòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i, ẹ̀gúnrín kọ̀ọ̀kan ń sọ òjìji lé ìkejì lórí. Lálẹ́ àrànmọ́jú, ẹ̀yìn wa gẹ́lẹ́ ni òòrùn wà, òjìji kọ̀ọ̀kan sì sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀gúnrín tó ni ín. Ìmọ́lẹ̀ tó sì ń padà síbi tó ti wá gan-an la ń rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyẹn ni pé Táyé àti Kẹ́hìndé tún wà níbẹ̀, nínú ekuru òṣùpá. Èwo ló kó ipa jù nínú òjìji àti ìbejì, àwọn onímọ̀ ti jà lé e lórí pẹ́.

Ní ti ẹran tí kì í jáde, ìyẹn kì í ṣe físíìsì. Ọdẹ àgbà ni kí ẹ bi.